Ojú Irin Tó Ká Bí Ìkarahun Ìgbín

Nínú ìsinmi tó kọjá, àwa mẹ́ta tí a ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nínú ẹgbẹ́ yìí lọ sí Wales láti wo rélùwéè Ffestiniog. A ti gbọ́ pé ojú irin kan wà níbẹ̀ tó ń gba orí ara rẹ̀ kọjá, a sì fẹ́ fi ojú ara wa rí i.

Ọdún 1836 ni wọ́n ṣí ọ̀nà yìí, láti máa kó síléètì láti àárín àwọn òkè Blaenau Ffestiniog wá sí èbúté Porthmadog. Síléètì ni òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé. Irú rẹ̀ náà ni àwọn òbí wa fi kọ ABD nílé ìwé. Ojú irin náà tín-ín-rín. Mìlímítà 597 péré ló wà láàárín irin méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ti ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1901 jẹ́ 1,067. Àwọn tó là á jẹ́ kí ó máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bíi mítà 1 nínú 80, kí ẹrù lè fi ìwúwo ara rẹ̀ yí wá sí etí òkun láìsí ohun tó ń fà á. Ẹṣin ló ń fa ọkọ̀ òfìfo padà sókè. Bí ó bá di àtisọ̀kalẹ̀, ẹṣin á wọ ọkọ̀ tirẹ̀, á sì gbádùn ara rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. (Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì kò rí irú ìgbádùn yẹn.) Ní 1863 ni ẹ́ńjìnnì onísítíìmù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin.

Òwò síléètì rẹ̀yìn, wọ́n sì ti ọ̀nà náà pa ní 1946. Ní 1954, àwọn olùfẹ́ rélùwéè tí Alan Pegler ṣáájú wọn gbà á láti jí i dìde. Àfi bí òfin ṣe jáde ní 1955 pé kí àjọ iná mànàmáná ìjọba sé omi sí ibẹ̀. Adágún méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí iná bá pọ̀ ju ohun tí ará ìlú ń lò, wọ́n á fi fa omi sókè; bí ará ìlú bá nílò iná, wọ́n á tú omi sílẹ̀ kí ó máa yí ẹ̀rọ. Àwa tí a mọ ohun tí òkùnkùn jẹ́ nílé kò lè bú ẹni tó ń wá iná. Ṣùgbọ́n adágún ìsàlẹ̀ bo ojú irin náà mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà tuntun ní láti gba ibi tó ga ju omi lọ. Ó gbọ́dọ̀ fi bíi mítà 10 ga sí i, àyè kò sì sí. Bí wọ́n bá gbé e gòkè tààrà, yóò le ju ohun tí ẹ́ńjìnnì lè fà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: onímọ̀ ẹ̀rọ Gerald Fox dá a lábàá pé kí wọ́n ká a. Ní Dduallt, ọkọ̀ á gba abẹ́ afárá, á dé ibùdókọ̀, á yí òkè kékeré kan po, á sì gba orí afárá kan náà kọjá. Bí ọ̀nà bá gùn sí i, gíga rẹ̀ á dẹ̀. Síbẹ̀ ìyípo náà ní ìṣòro tirẹ̀, torí pé níbi tó bá ti kọdọrọ, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa ha irin, ìyẹn á sì fa ọkọ̀ sẹ́yìn.

Ohun tó wú wa lórí jù ni pé ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ní oṣù kìn-ín-ní 1965 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, owó gbà-má-bínú kò sì dé títí di 1972. Àwọn akọ̀wé, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ní òpin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti bárò. Colonel Campbell tó ń gbé ní Dduallt, tó ní ìwé àṣẹ láti lo ẹ̀tù, ń bá wọn fọ́ àpáta. Ihò abẹ́ òkè tuntun nìkan ni wọ́n gba àwọn awakùsà láti Cornwall fún. Ọkọ̀ tún wọ Blaenau ní 1982.

Ní 2021 UNESCO ka ilẹ̀ síléètì Wales mọ́ ogún aráyé. Ọ̀kan nínú wa sọ pé ìyípo yìí kì í ṣe ogún, torí pé àná ni wọ́n ṣe é. Àwa méjì yòókù kò gbà. Kí ọkọ̀ lè máa lọ ni àwọn tó là á ní 1836 ṣe là á, ó sì ń lọ. A jiyàn náà títí a fi wọ ọkọ̀ padà, kò sì tíì tán.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nígbà tí wọ́n bá kúrò ní Dduallt. Yóò rí ojú ọ̀nà àtijọ́ nísàlẹ̀, tí koríko ti bò, tó ń lọ sí ọ̀nà adágún.