Odò Tí A Fi Ìgbálẹ̀ Kùn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi l'Óṣogbo, mo kó gbogbo àwòrán tí mo ti yà láti ilé ẹ̀kọ́ dání, mo rò pé yóò yẹ̀ wọ́n wò, yóò sì yìn mí. Kò tilẹ̀ tú u. Korobá ló nà sí mi, ó ní kí n lọ pọnmi wá, kí n dáná, a fẹ́ ro láfún. Inú mi dùn, ebi sì ń pa mí. N kò mọ̀ pé aṣọ ni yóò jẹ láfún náà.

Láfún yẹn la fi ń dí ojú aṣọ kí ọ̀dà tó kàn án. Àpò fùláwà la máa ń tú, a ó fọ̀ ọ́ títí lẹ́tà ara rẹ̀ yóò fi ṣá, télọ̀ yóò sì bá wa rán an pọ̀ títí yóò fi gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Bí láfún bá ki jù, aṣọ á sán nígbà tí a bá ká a sórí ọkọ̀. Bó bá ṣàn jù, ọ̀dà á máa tàn káàkiri bí epo lórí ìwé. Ọ̀gá mi kì í wọ̀n ọ́n. Yóò ti ìka bọ̀ ọ́, yóò gbé e sókè. Bó bá kán lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dúró, ó ti tó nìyẹn. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ro láfún kí n tó di bùrọ́ọ̀ṣì mú.

Áátíìsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, òun ló ń ya orí sí pátákó onígbàjámọ̀, bí wọ́n bá sì fẹ́ kọ orúkọ òkú sára sàréè, òun náà ni wọn yóò ránṣẹ́ pè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó máa ń mú un súfèé láti àárọ̀ ni aṣọ ẹ̀yìn ìtàgé: eré Kérésì ti ṣọ́ọ̀ṣì, eré òpin ọdún ilé ẹ̀kọ́, eré tí àwọn ọ̀dọ́ abúlé fi ń kówó jọ.

Ọmọdé ni ọ̀gá mi nígbà tí Dúró Ládípọ̀, onítíátà, sọ ilé ọtí rẹ̀ di Mbárí Mbáyọ̀, ilé ọnà àti eré, l'Óṣogbo ní 1962. Mbari, ọ̀rọ̀ Igbo ni, ilé ọnà tí àwọn ará agbègbè Owerri máa ń mọ nígbà àtijọ́ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀ wọn. Àwọn ará Òṣogbo fi etí tiwọn gbọ́ ọ, wọ́n ní: ǹ bá rí, ǹ bá yọ̀. (N kò tíì rí orúkọ àjèjì tó wọ ìlú bí ọmọ bíbí ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.) Ibẹ̀ ni eré Ládípọ̀, Ọba Kò So, ti jáde ní 1963, tó sì dé Berlin ní 1964. Àmọ́ kì í ṣe ìrìn Berlin ni ọ̀gá mi máa ń sọ. Ohun tó ń wú u lórí ni pé oníṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ nínú àwọn ará Mbárí Mbáyọ̀: Jimoh Buraimoh tí ayé wá mọ̀ mọ́ àwòrán onílẹ̀kẹ̀, iná ló ń tàn fún ẹgbẹ́ Ládípọ̀, Muraina Oyelami ará Ìràgbìjí ń ṣeré, ó ń lùlù, ó sì ń yàwòrán, Adebisi Akanji, bíríkìlà ni. Bí mo bá ti ń ṣàròyé pé láfún sú mi, ìtàn bíríkìlà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kejì ló gbé odò lé mi lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ abúlé kan fẹ́ ṣeré bí wọ́n ṣe tẹ Òṣogbo dó, ìtàn Laróòyè àti Tìmẹ́hìn: wọ́n gé igi, igi wó lu odò, ohùn sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Odò tó ní ìkòkò aró nínú, àwọ̀ wo ló tún yẹ ẹ́ bí kò ṣe aró? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kun ún. Mo ya ìgbì kéékèèké, mo ya ẹja mẹ́fà, mo sì fi ìpẹ́ sí wọn lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi wá wò ó lọ́sàn-án gangan.

Nígbà tó di alẹ́ tí wọ́n fẹ́ dán eré náà wò, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Gílóòbù mẹ́rin ni wọ́n so kọ́, ìmọ́lẹ̀ wọn pọ́n bí epo. Odò mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sí ìgbì, kò sí ẹja. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ni wọ́n fẹ́ sin sínú kòtò yẹn?"

Ọ̀gá mi kò pariwo. Ó ní kí n lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá, lọ́dọ̀ àwọn tó pọnmọ. Ó ní, "Ṣé o rí i? Iná yìí pupa. Bí pupa bá pàdé aró, dúdú ni wọ́n ń bí. Àwọn baba wa tó ní funfun, pupa àti dúdú ni gbogbo àwọ̀, ó jọ pé alẹ́ ni wọ́n ti wò ó."

Ó po ẹfun mọ́ láfún, ó mú ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá kíláàsì, ó tì í bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá odò mi láti apá òsì lọ sí ọ̀tún bí ẹni ń gbá àgbàlá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ẹja ńkọ́?"

"Abẹ́ omi lẹja ń gbé."

Inú bí mi. Mo ṣì rò ó títí dòní pé ó yẹ kó dá ẹyọ kan sí. Mo sún mọ́ aṣọ náà, bí ibi tí adìẹ tàn ló rí. Ó tún ní kí n padà sẹ́yìn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn abiyamọ, tí mo yíjú padà, omi ń ṣàn.

Eré lọ dáadáa lọ́jọ́ kejì. Abúlé náà kò rówó san tán, àmọ́ wọn kò dá aṣọ wa padà, ọ̀gá mi kò sì béèrè. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo lọ kọ pátákó kan níbẹ̀, mo sì bá odò mi lára ògiri níbi ìkómọ. Etí rẹ̀ funfun yẹ́ẹ́, nítorí wọ́n ti ń sá láfún lé e lórí. Bàbá àti ìyá ọmọ dúró níwájú rẹ̀ fún fọ́tò.

"Ẹ má fara ti aṣọ yẹn," ni fọtogiráfà ń wí. "Ẹ bọ́ síwájú díẹ̀ sí i."

Òun fúnra rẹ̀ ń fẹ̀yìn rìn. Mo lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀.