Ẹ̀bùn Nobel Tí Ìmọ́lẹ̀ Gbà

Alfred Nobel kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ ní 1895 pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe aráyé láǹfààní jù lọ ní ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni kí wọ́n máa fún ní ẹ̀bùn. Ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá! Àwọn tó ń pín ẹ̀bùn físíìsì ní Stockholm kì í sábà lè tẹ̀ lé gbólóhùn yẹn, torí pé iṣẹ́ ìmọ̀ kì í tètè so èso. Arthur Ashkin fi ìtànṣán lésà di kòkòrò àìfojúrí mú láìpa á ní 1987. Ọdún 2018 ni ẹ̀bùn rẹ̀ dé. Ẹni ọdún 96 ni nígbà yẹn.

*

Nínú gbogbo àwọn tó gba ẹ̀bùn yìí nítorí ìmọ́lẹ̀, Gustaf Dalén ará Súwídìn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn jù. Iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà létíkun ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Gáàsì ni wọ́n fi ń tan ọ̀pọ̀ irú iná bẹ́ẹ̀ nígbà náà, àfi kí ẹnì kan máa gbé ibẹ̀, kí ó tàn án lálẹ́, kí ó pa á láàárọ̀. Dalén ṣe ẹ̀rọ kan tó ń pa iná náà fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ọ̀pá irin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: mẹ́ta ń dán, ọ̀kan dúdú. Bí oòrùn bá yọ, èyí tó dúdú á fa ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, á gbóná, á sì gùn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Gígùn díẹ̀ yẹn ló ń ti ẹnu ọ̀nà gáàsì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á tutù, á padà sí bó ṣe wà, iná á tún tàn. Kò sí wáyà, kò sí bátìrì, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Wọ́n lo iná ilé iṣẹ́ rẹ̀, AGA, ní odò àgbẹ́là Panama.

Ní 1912, gáàsì bú gbàmù níbi tó ti ń dán iṣẹ́ wò, ojú rẹ̀ méjèèjì sì fọ́. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel. Albin, ọmọ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ojú, ló lọ bá a gbà á. Láìríran, Dalén ń darí ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ó fi kú ní 1937.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé ẹ̀bùn náà tóbi ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, pé ẹ̀rọ lásán ni, kì í ṣe ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Èmi kò gbà. Àwọn atukọ̀ tó gúnlẹ̀ láyọ̀ lóru ni ká bi.

*

Charles Kao, tí wọ́n bí ní Shanghai, ń ṣiṣẹ́ ní Harlow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí òun àti George Hockham gbé ìwádìí kan jáde ní 1966. Ohun tí wọ́n sọ ni pé dígí fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa ìmọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ìdọ̀tí inú dígí ni. Bí a bá yọ ìdọ̀tí yẹn, okùn dígí tó tín-ín-rín bí irun orí á lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Ní 1970, ilé iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ṣe dígí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ̀bùn Kao tó dé ní 2009, àrùn Alzheimer ti mú un. Gwen, ìyàwó rẹ̀, ló dìde sọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kí ọkọ rẹ̀ sọ ní Stockholm. Ọdún 43 ti pẹ́ jù. Ó yẹ kí ẹni tó so ayé pọ̀ báyìí gbádùn ìyìn rẹ̀ nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì jí pépé.

Okùn dígí ti gba abẹ́ òkun dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tí Google fi orúkọ Olaudah Equiano pè gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó ní 2022. Ní oṣù kẹta 2024, okùn mélòó kan bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Bí ọmọ tó wà ní London bá ń fi fídíò kí ìyá rẹ̀ n'Ibadan, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ohùn àti ojú rẹ̀ la òkun já.

*

Iná LED pupa ti wà láti 1962. Búlúù ló le, bẹ́ẹ̀ sì ni láìsí búlúù, kò sí iná funfun tó ń tàn nílé wa lónìí. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ọmọ bíbí Japan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ló yanjú rẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀bùn ní 2014. 20,000 yẹ́ẹ̀nì péré ni ilé iṣẹ́ tí Nakamura wà kọ́kọ́ fi ta á lọ́rẹ. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́; nǹkan bíi 840 mílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì ni wọ́n fi parí rẹ̀ ní 2005. Lójú tèmi, òun ló jàre.

Iná kékeré tí ìyá alákàrà gbé ka orí tábìlì lẹ́bàá títì nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, iṣẹ́ àwọn mẹ́ta yìí ni.

*

Donna Strickland, tí òun náà gba ẹ̀bùn ní 2018 pẹ̀lú Ashkin, ni obìnrin kẹta tó gba ti físíìsì. Ọdún 55 ló wà láàárín òun àti Maria Goeppert Mayer tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Rochester ló ṣe iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn náà fún, pẹ̀lú Gérard Mourou.

*

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí wọ́n bí ní Áfíríkà. Claude Cohen-Tannoudji, tí wọ́n bí ní Algeria, fi lésà mú átọ́ọ̀mù tutù. Ó gba ẹ̀bùn físíìsì ní 1997. Ahmed Zewail ará Íjíbítì fi lésà wo bí átọ́ọ̀mù ṣe ń ṣípò nínú kẹ́mí­kà. Ó gba ti kẹ́mísìrì ní 1999. Serge Haroche, tí wọ́n bí ní Casablanca, tí Cohen-Tannoudji sì jẹ́ olùkọ́ rẹ̀, gba ti físíìsì ní 2012. Paris ni méjì ti ṣiṣẹ́, California ni ẹnì kan. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ṣe iṣẹ́ náà nílẹ̀ tí wọ́n bí i sí.

C. V. Raman ṣe tiẹ̀ nílé, ní Calcutta, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso Íńdíà. Ó ń wá ohun tó mú òkun jẹ́ búlúù. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ohun èlò tí kò wọ́n ni òun àti K. S. Krishnan fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì rí i pé díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ máa ń yí àwọ̀ padà bó bá gba inú omi kọjá. Ọjọ́ 28 oṣù kejì 1928 nìyẹn. Ní 1930, ẹ̀bùn dé.

Bí a bá fẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀ nílé tiwa náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń dáwó fún géètì tuntun ní yunifásítì wa, ẹ jọ̀ọ́, yàrá físíìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Ẹ bi olùkọ́ tó wà níbẹ̀ pé kí ló kù. Bó bá sọ pé lésà kan àti bátìrì sólà tí iná rẹ̀ kò ní máa ṣẹ́jú ni, ẹ rà á fún un lọ́dún yìí.