Àṣìṣe Tí Kò Dé Inú Ìwé

Ní abúlé bí Ìrókò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, kì í ṣe dókítà ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń kọ́kọ́ bá pàdé. Nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera ni, ẹni tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà, tí wọ́n sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣèèṣì fún ọmọdé ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀, ta ni yóò sọ fún?

Bí ó bá sọ fún ọ̀gá, ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ ni ó ń retí. Bí ó bá sọ fún ìyá ọmọ, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọjà ti gbọ́. Bí ara ọmọ náà bá sì yá, ṣebí ọ̀rọ̀ ti tán? Àgbà òṣìṣẹ́ tó wà nítòsí á rán an létí pé ọbẹ̀ kì í mì nínú àgbà. Òwe tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ìwòsàn ni wọ́n pa á fún. Ìgò oògùn méjì tó jọra, tó fa àṣìṣe náà, ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pẹpẹ, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ alẹ́.

Àwọn aláìsàn pàápàá kì í sábà sọ̀rọ̀. Bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí ìdí bá ba iṣan jẹ́, tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí tiro, ẹbí á ní àmúwá Ọlọ́run ni, tàbí kí wọ́n máa wá ọ̀tá nínú agbo ilé. Àwọn mìíràn mọ̀ dájú pé abẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì yẹn kan náà ni yóò gbẹ̀bí ọmọ tó ń bọ̀. Ta ni yóò bá agbẹ̀bí rẹ̀ ṣẹjọ́?

Àwọn awakọ̀ bàálù ti rí ọgbọ́n kan dá sí i. Láti ọdún 1976 ni àjọ NASA ní Amẹ́ríkà ti ń gba ìròyìn àṣìṣe lọ́wọ́ wọn, tí ó sì ń yọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kúrò. NASA kọ́ ni ó ń fìyà jẹ awakọ̀. Àjọ mìíràn ni. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń là. Ní ilé ìwòsàn kékeré, ọ̀gá tí ń gbọ́ àlàyé náà ni ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìwé ẹ̀sùn.

Òfin kò kúkú gbàgbé aláìsàn. Abala 30 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹjọ́ ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún un sùn, kí a sì wádìí rẹ̀. Ó ní kí ilé ìwòsàn gbé ìlànà fífi ẹjọ́ sùn síbi tí ojú ẹni tó bá wọlé yóò ti tó o. Kí òǹkàwé wo ara ògiri ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn jù lọ. Àtẹ abẹ́rẹ́ àjẹsára á wà níbẹ̀, àwòrán ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú náà á wà níbẹ̀. Kí ó wá ìlànà yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.