Ilé Ìwòsàn Boston, Níbi Tí Àwọn Dókítà Ti Ń Sọ Ẹ̀dùn Ọkàn Wọn

Ìlú Boston wà létí òkun ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Odò Charles ni ó pààlà láàrin rẹ̀ àti ìlú Cambridge. Bí èrò bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin létí odò yìí, kò ní rìn jìnnà kí ó tó dé ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ń pè ní Massachusetts General. Ọdún 1821 ni ó gba aláìsàn àkọ́kọ́. Àwọn ilé gogoro ti yí i ká nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ilé òkúta àtijọ́ náà ṣì wà láàrin wọn.

Lókè ilé òkúta yìí ni yàrá kan wà tí òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Òkú ará Íjíbítì ìgbàanì kan, tí wọ́n fi oògùn tọ́jú kí ó má baà jẹrà, ti wà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn náà láti ọdún 1823. Inú yàrá yìí ni àwọn àlejò ti ń wò ó. Níbẹ̀ ni, ní ọjọ́ 16 oṣù October 1846, dókítà eléyín kan, William Morton, ti fún ọkùnrin kan ní oògùn ether fà símú, tí Dókítà John Warren sì gé kókó ọrùn rẹ̀ láìsí igbe oró tí gbogbo ayé ti mọ̀ mọ́ iṣẹ́ abẹ. Láti ọjọ́ náà ni òkìkí oògùn náà ti kàn.

A rí oògùn fún ara tí ọ̀bẹ ń gé. Ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tí ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ ńkọ́? Ó di ọdún 151 lẹ́yìn èyí kí ilé ìwòsàn kan náà tó gbé ọ̀ràn yẹn kalẹ̀ ní gbangba.

Ní oṣù November 1994, wọ́n sọ fún lọ́yà kan, Kenneth Schwartz, pé jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kì í mu sìgá, ó sì ní aya àti ọmọ kékeré kan. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, nọ́ọ̀sì kan gbọ́ nípa ọmọ náà, ó di ọwọ́ Schwartz mú, omi sì lé sí i lójú. Ní ọdún 1995, Schwartz kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé irú inú rere bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí òun lè fara da ìyà náà. Ó tún rí i pé iṣẹ́ àṣekúdórógbó lè pa àánú lọ́kàn ẹni tí ń ṣe ìtọ́jú. Kí ó tó kú ní oṣù September ọdún náà, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nítorí ọ̀ràn yìí.

Ní 1997 ni ìpàdé wọn bẹ̀rẹ̀ ní Massachusetts General. Dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù a jókòó pọ̀ fún bíi wákàtí kan, wọn a sì jẹun. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin a sọ nípa aláìsàn kan tí ọ̀ràn rẹ̀ wọ̀ wọ́n lára. Wọn kì í jiyàn lórí oògùn tí ó yẹ kí wọ́n lò. Ohun tí ó ṣe ọkàn wọn ni wọ́n ń sọ. Ohun tí a bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni a ń fi í sí.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Dókítà jẹjẹrẹ a máa tọ́jú ẹnì kan fún oṣù tàbí ọdún, títí yóò fi mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ikú bá mú ẹni náà lówùúrọ̀, aláìsàn mìíràn ti wà lẹ́nu ọ̀nà tí ń retí ẹ̀rín. Ẹni tí kò rí ibi sọ ọ́ lè di ẹni tí kì í wo ojú aláìsàn mọ́. Aláìsàn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ìpàdé yìí dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2009, ó sì ti tàn dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ìyá wa, àwọn ọmọ wa tí wọ́n jẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì pọ̀ ní ilẹ̀ méjèèjì yìí, wọ́n sì wà nílé pẹ̀lú. Bí ọ̀kan bá ti ibi iṣẹ́ dé tí ó dákẹ́, ẹ má ṣe wí pé ìgbéraga ni. Ẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kí ẹ sì bi í pé, “Ta ni ẹ pàdánù lónìí?” Bí ó bá sunkún, ẹ má ṣe pè é ní aláìnígbàgbọ́. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sunkún nígbà tí Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú.

Bí ẹ bá sì gbé aláìsàn yín lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ ṣe dúà fún ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn ní ìwòsàn, kí Ó sì fi sùúrù sọ́kàn àwọn tí ń tọ́jú wọn. Àmín.