Ìdárò Àlùfáà Olórin

Erin ti wó láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1930, ariwo rẹ̀ ṣì ń dún nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Kánọ̀n Josiah Jesse Ransome-Kuti ni à ń dárò.

Ìgbẹ̀ìn ní Abẹ́òkúta ni wọ́n bí wọn sí lọ́dún 1855. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọbìnrin lórin nílé ẹ̀kọ́ CMS l'Ékòó kí wọ́n tó di àlùfáà ní 1897. Nígbà tí wọ́n ń bójú tó àwọn ìjọ agbègbè Súnrẹn ní Ifọ̀, orin ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá ní gbangba. Bí èrò bá pé, ìwàásù a tẹ̀ lé e.

Àwọn orin tí òyìnbó kó wá ti ní ohùn tiwọn kí a tó há ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú wọn. Ibi tó yẹ kí ohùn ti sọ̀ kalẹ̀, orin a gòkè. Ìjọ a máa fi ẹnu pe ohun tí kò sí lọ́kàn wọn. Bàbá jókòó sídìí dùùrù, wọ́n mú kí orin máa tẹ̀ lé bí ará ilé ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ní 1922, ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ Zonophone gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú dùùrù, orin tó lé ní 40. Ojú àwo kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Ẹni tó ní giramafóònù a yí i, a gbé abẹ́rẹ́ lé àwo dúdú náà, ohùn àlùfáà a gba inú pálọ̀ kan. Ẹlẹgẹ́ ni àwo ọ̀hún: tó bá já bọ́, ó parí.

Ọmọ Òkénlá ní Ifọ̀, Isaac Delano, kọ ìtàn ayé wọn ní 1942. Fẹlá, ọmọ ọmọ wọn, gbé àwo tirẹ̀ yí ayé ká. Ekundayo Phillips àti Fẹlá Ṣówándé tẹ̀ lé ipasẹ̀ wọn nídìí dùùrù. Gbogbo wọn ti lọ.

Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì kún Mowé àti Ìbàfò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kíbọọ̀dù ń dún láti òru mọ́jú. Ìyẹn kò burú. Àìsí sùúrù ẹni tó ń fetí sí èdè kó tó fọwọ́ kan dùùrù ni ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ wá.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbèsè sùúrù yìí wà lọ́rùn yín.