Láti Ojú Gáréèjì Dé Orí Fóònù: Iṣẹ́ Kabúkabú ní Èkó àti Ẹni Tí Ó Ń Dá Iye Owó

Iṣẹ́ fífi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbé èrò ní ìlú Èkó ti wà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó máa fi fóònù pe ọkọ̀, oríṣi méjì ni ó sì pín sí: tákísí aláwọ̀ ìyeyè onílà dúdú, tí ìjọba fún ní nọ́ńbà tí ó sì ní gáréèjì tirẹ̀, àti kabúkabú, ìyẹn ọkọ̀ àdáni tí olówó rẹ̀ ń fi gbé èrò láìgba ìwé àṣẹ, bóyá láàárọ̀ bí ó bá ń lọ síbi iṣẹ́ tàbí lálẹ́ bí ó bá ń darí bọ̀. Nínú méjèèjì, ẹnu ni wọ́n fi ń dá iye owó. Èrò á na ọwọ́, awakọ̀ á dẹ ọkọ̀, èrò á dárúkọ ibi tí ó ń lọ, awakọ̀ á pe iye kan, èrò á dá a sí ìdajì, wọn á sì pàdé láàárín tàbí kí awakọ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Awakọ̀ ìgbà náà mọ ohun tí ó wà nínú iye tí ó pè: epo, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bóyá ibi tí èrò ń lọ ṣeé rí èrò gbé bọ̀, àti ohun tí àwọn agbèrò yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá ṣèèṣì dúró níwájú gáréèjì wọn. Ẹni tí ó kọ àkọsílẹ̀ yìí wà lára àwọn awakọ̀ kabúkabú náà kí ó tó di awakọ̀ orí fóònù, èrò rẹ̀ sì ni pé nínú gbogbo ohun tí ó yí padà nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ta ni ó ń dá iye owó ni ó jinlẹ̀ jù.

Ọdún 2014 ni Uber, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ wá láti San Francisco ní Amẹ́ríkà, wọ Èkó. Ilé-iṣẹ́ náà kò kó ọkọ̀ wá, kò sì gba awakọ̀ kankan síṣẹ́ olówó oṣù. Áàpù ni ó gbé wá, ìyẹn ètò orí fóònù tí ó so ẹni tí ó ń wá ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ẹni tí ó ń wa ọkọ̀, tí ó sì ń yọ ìdá tirẹ̀ nínú owó tí wọ́n bá san. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń ka irú òwò bẹ́ẹ̀ mọ́ ọrọ̀ ajé àjọpín, èyí tí ó dúró lórí èrò pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jókòó lásán nílé lè jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a lò ó, kí àwọn méjèèjì sì jèrè. Ní Èkó, àlàyé náà kò fi bẹ́ẹ̀ bá ìṣe mu, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà kò jókòó lásán rí: òṣìṣẹ́ báńkì tàbí ará òkè òkun ni ó rà wọ́n nítorí iṣẹ́ yìí gan-an, tí ó fà wọ́n lé awakọ̀ lọ́wọ́, tí awakọ̀ sì ń mú iye kan wá fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yálà ọjà tà tàbí kò tà. Ètò tí àwọn ọlọ́dánfó ti mọ̀ láti ayébáyé nìyẹn. Nígbà tí Ladi Delano àti Jide Odunsi dá Moove sílẹ̀ ní 2020, ilé-iṣẹ́ tí ó ń fún awakọ̀ ní ọkọ̀ tí ó sì ń yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú owó tí awakọ̀ ń pa lórí áàpù, ìyàtọ̀ tí awakọ̀ rí ni pé kọ̀ǹpútà ti ń gba owó ọkọ̀ kí owó tó dé ọwọ́ òun.

Àwọn awakọ̀ tí ó kọ́kọ́ wọ orí áàpù kò kábàámọ̀. Áàpù ń fi kìlómítà àti ìṣẹ́jú ṣírò owó fúnra rẹ̀, èrò kì í dúnàá-dúrà, bí òjò bá sì dá gbogbo ènìyàn dúró sí Ọbáléǹdé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn tí ń wá ọkọ̀ pọ̀ ju ọkọ̀ lọ, kọ̀ǹpútà á fi kún owó náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá ẹnikẹ́ni jà. Awakọ̀ tí ó bá gbé iye èrò kan láàárín ọ̀sẹ̀ tún máa ń gba owó ẹ̀bùn lórí owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó ẹ̀bùn yìí kì í ṣe èrè òwò. Owó àwọn olùdókòwò òkè òkun ni, tí wọ́n ń ná kí áàpù lè tètè kún, nítorí pé áàpù tí kò bá ní awakọ̀ kò ní rí èrò, èyí tí kò bá sì ní èrò kò ní rí awakọ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni Taxify, tí Markus Villig dá sílẹ̀ ní Estonia tí ó sì yí orúkọ padà sí Bolt ní 2019, dé Èkó. Uber ń gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, Taxify ní ìdá 15 ni òun yóò máa gbà, àwọn awakọ̀ sì ya lọ bá a. Ìjà náà wá dé orí owó tí èrò ń san, débi pé ní 2017 Uber dín in kù ní Èkó ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni epo kò dínwó, táyà kò dínwó, ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò sì ní òun yóò gba kéré. Láàárín ìgbà yìí ni àwọn awakọ̀ kan rí Lockito, ètò tí àwọn tí ń kọ áàpù fi ń dán iṣẹ́ wọn wò, tí ó lè mú kí fóònù gbà pé òun wà níbi tí òun kò sí. Bí fóònù bá gbà pé ọkọ̀ rin ọ̀nà tí ó jìn ju èyí tí ó rìn lọ, owó á lé. Olè ni, èrò tí ó san owó náà kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìdúnàádúrà tí wọ́n ti lé jáde lójúde ni ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà.

Ọ̀rọ̀ owó lọ́wọ́ náà gba àlàyé. Káàdì nìkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀rẹ̀, títí Uber fi dán owó lọ́wọ́ wò ní Hyderabad ní Íńdíà ní 2015, tí àṣà náà sì tàn dé Áfíríkà. Bí èrò bá fi káàdì san owó, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ni owó ń lọ kí ó tó padà dé àpò awakọ̀. Bí ó bá san án lọ́wọ́, awakọ̀ á mú un, ìdá ilé-iṣẹ́ á di gbèsè sí i lọ́rùn, bí gbèsè náà bá sì dé ìwọ̀n kan, áàpù á dẹ́kun àtifún un níṣẹ́. Ilé epo kì í sì í ta àwìn. Ìdí nìyí tí awakọ̀ fi ń pe èrò kí ó tó gbéra, nítorí pé fún ìgbà pípẹ́, ibi tí èrò wà ni áàpù ń fi hàn án, kì í fi ibi tí èrò ń lọ hàn án. “Ẹ káàsán mà, ibo lẹ ń lọ? Ṣé káàdì lẹ máa lò ni, àbí owó lọ́wọ́?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ Ìkòròdú àti káàdì, awakọ̀ á ní òun ń bọ̀, á sì dúró sójú kan. Kò ní fagi lé ìpè náà, nítorí pé ẹni tí ó bá ń fagi lé ìpè jù ń ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lójú áàpù. Èrò, tí ó ń wo àwòrán ọkọ̀ kékeré tí kò kúrò lójú kan lórí fóònù rẹ̀, ni yóò bínú fagi lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ bú awakọ̀ lè bú u, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun yóò ṣe bí wọ́n bá rán òun níṣẹ́ láìsọ ibi tí òun ń lọ.

Ìtàn ọ̀kadà orí áàpù kò gùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ Max, Gokada àti ORide ti OPay ń fún ọlọ́kadà ní àṣíborí, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ìwakọ̀, títí ìjọba ìpínlẹ̀ fi fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020 ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, àgbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 9 àti òpópónà 10. Gokada yí sí iṣẹ́ gbígbé ẹrù àti oúnjẹ.

Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ́ gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjọba ìpínlẹ̀ fi ₦20 lé orí ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan. Àwọn agbèrò ní tiwọn kò bi awakọ̀ bóyá áàpù ni ó ń lò. Ohun tí gáréèjì fi sàn ju áàpù lọ ni pé alága wà níbẹ̀, akọ̀wé wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì fẹ̀sùn kàn á sọ tẹnu rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tí kò ní í gba orúkọ níhìn-ín lé ẹni tí ó kọ àkọsílẹ̀ yìí kúrò lórí áàpù nítorí ẹ̀sùn èrò kan, ìdáhùn tí ó sì gbà sí gbogbo ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kan náà tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn.

Àwọn kan gbà pé inDrive, tí ó ti Yakutsk ní Rọ́ṣíà wá, ti dá iṣẹ́ náà padà sí bí ó ṣe wà, nítorí pé lórí tirẹ̀ èrò ni ó ń pe iye tí ó fẹ́ san, awakọ̀ á sì gbà tàbí kí ó pe tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́bàá ọ̀nà, awakọ̀ kan àti èrò kan ni wọ́n ń dúnàá-dúrà. Lórí fóònù, èrò kan ni ó ń bá ọ̀pọ̀ awakọ̀ dúnàá-dúrà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ebi ń pa jù nínú wọn ni yóò sì pe iye tí ó kéré jù.

Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí AUATON, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn awakọ̀ orí áàpù. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, lítà epo kan sì kúrò ní nǹkan bí ₦190 bọ́ sí ₦488 ní Èkó láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ náà daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ áàpù fi ìdá 200 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí èrò ń san, kí wọ́n sì gé ìdá ilé-iṣẹ́ sí ìdajì. Ẹni tí ń wa kabúkabú ì bá ti fi owó epo kún iye tí ó ń pè láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láìdaṣẹ́ sílẹ̀, láìkọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó lágbára láti gba ₦20 lórí ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan lágbára láti pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ kankan má ṣe dín owó kù láìkọ́kọ́ pe ẹgbẹ́ awakọ̀ jókòó, ìyẹn sì ni ó yẹ kí AUATON máa béèrè ṣáájú ohunkóhun mìíràn.