Omi Ni Wọ́n Rán Wa Lọ Wá: Ìrántí Eré Fallout Ní Ìrẹ̀sì

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Amazon gbé eré àtìgbàdégbà kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fallout. Kò pẹ́ tí ariwo rẹ̀ fi gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa bọ́ǹbù átọ́míìkì tó pa ayé rẹ́, nípa àwọn ènìyàn tó sá wọ abẹ́ ilẹ̀, àti nípa ọkùnrin tí kò nímú tó ń fi ìbọn ṣiṣẹ́ òòjọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé inú eré orí kọ̀ǹpútà ni ìtàn náà ti ṣẹ̀ wá, àti pé oṣù kẹwàá ọdún 1997 ni àkọ́kọ́ nínú àwọn eré náà ti jáde láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ Interplay ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó tilẹ̀ mọ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ Bethesda ṣe lẹ́yìn náà, ní ọdún 2008 àti 2015, ni wọ́n mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àkọ́kọ́ fún yín, nítorí mo mọ̀ ọ́n bí ọmọ ti í mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀.

Ọdún 2003 ni. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ìparí ọdún tó ṣáájú, ìyanṣẹ́lódì náà sì gba nǹkan bí oṣù mẹ́fà kó tó parí. Èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn nígbà náà kó ẹrù mi, mo gba Ìrẹ̀sì lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Ẹni tó bá mọ agbègbè Bólúwadúró ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yóò mọ̀ pé ìlú olókè ni Ìrẹ̀sì. Bàbá mi kékeré kan nínú agbo ilé wa ti ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, ó fẹ́ fi ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọn yóò ti máa bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé, ṣùgbọ́n ọjà kò yá. Bí ẹ̀rọ náà ṣe di ti èmi àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nìyẹn, àbúrò mi tó ń dúró de èsì JAMB. Nínú àwọn sídì tó bá kọ̀ǹpútà náà wá ni Fallout wà. Eré náà ti di arúgbó nígbà náà, èyí sì ṣe wá ní àǹfààní, nítorí ẹ̀rọ tó gbó bíi tiwa lè gbé e. Àtùpà ni alátakò wa. Bí NEPA bá mú iná lọ kí a tó fi ibi tí a dé pamọ́, wákàtí méjì ti bá omi lọ nìyẹn, a ó sì tan àtùpà, a ó máa wo ara wa.

Ìtàn inú rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2077, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ju bọ́ǹbù átọ́míìkì lu ara wọn, ayé sì jóná. Àwọn kan ti sá wọ inú ilé ńlá tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ òkè ní Kalifóníà, tí à ń pè ní Vault 13, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn irin mọ́ ara wọn. Ní ọdún 84 lẹ́yìn náà, chip kékeré tó ń darí ẹ̀rọ tó ń fọ omi wọn mọ́ bàjẹ́. Alábòójútó ibẹ̀ yan ẹnì kan, ìyẹn ìwọ tó ń ṣe eré, ó ní kí o jáde lọ wá òmíràn. 150 ọjọ́ péré ni omi tó kù lè gbé wọn. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sì tì í padà mọ́ ọ lẹ́yìn. Ohun tí o kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu ọ̀nà ni egungun ẹni tó ti jáde ṣáájú rẹ.

Wọn kò rán ọ lọ gba adé, wọn kò sì rán ọ lọ gba ọmọ ọba sílẹ̀. Omi ni.

Ẹni tó ń ṣe irú eré yìí nílùú tí omi ẹ̀rọ ti ń dà lè rò pé àròsọ lásán ni. Ní ti àwa, ọyẹ́ ń jà, kànga agbo ilé ti fà títí ó fi ku ẹrẹ̀ àti omi ìsàlẹ̀, aago mẹ́rin ìdájí ni a sì ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì jáde kí àwọn ènìyàn tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyá àgbà wọlé bá wa ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó wo ojú ẹ̀rọ náà títí.

"Kí lẹ ń wá láti ìrọ̀lẹ́ nínú àpótí yìí, ọkọ mi?"

"Omi ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi pàtẹ́wọ́. "Ìkòkò mi gbẹ nílẹ̀, ẹ ń wá omi nínú àpótí!" Ó pe ará ilé kejì wá kó wá gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, yóò béèrè bóyá omi ti dé.

Owó tí wọ́n ń ná nínú eré náà ni ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Èyí pa wá lẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ọmọ tó dàgbà nílùú wa tí kò fi ìdérí ìgò ṣeré rí. Ìjà inú rẹ̀ kò béèrè ìka tó yá: bí ayò ọlọ́pọ́n ló rí, o ta tìrẹ, o sì dúró kí alátakò ta tirẹ̀. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, o ní láti pín agbára, ojú tó mú, ìfaradà, ọgbọ́n, oríire àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí o fẹ́ lò. Àbúrò mi kó gbogbo rẹ̀ sí agbára, ó fi ọgbọ́n du akọni tirẹ̀. Ó di pé akọni náà kò lè sọ̀rọ̀ kan tó já gaara. Gbogbo ẹni tó bá bi í ní nǹkan, kíkùn ló fi ń dá a lóhùn. Mo ti bá àwọn olóṣèlú kan ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó rán mi létí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí eré yìí ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ni pé kò sí ìrànwọ́ tí o rí gbà nínú rẹ̀ tí ẹlòmíràn kì í san owó rẹ̀. Ní ìlú Hub, o lè bẹ àwọn oníṣòwò omi kí wọ́n gbé omi lọ sí Vault 13, 100 ọjọ́ yóò sì kún iye ọjọ́ rẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀nà ibi tí àwọn ènìyàn rẹ fara pamọ́ sí ti di ohun tí àwọn ọ̀tá lè tọ̀ nìyẹn. Chip tí ò ń wá, inú ìlú ahoro kan tó ń jẹ́ Necropolis ló wà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni àwọn tí ìtànṣán bọ́ǹbù ti bó láwọ̀, tí ojú wọn kò ṣe é wò mọ́. Chip náà ló ń fún àwọn pẹ̀lú ní omi. Bí o bá yọ ọ́ lọ, ikú òùngbẹ ni o fi sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀nà àbáyọ kan wà: ẹ̀rọ ìfami àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó ti bàjẹ́, ohun èlò tí o lè fi tún un ṣe sì wà nínú kòtò ìdọ̀tí abẹ́ ìlú náà. Wíwá a gba àkókò, ọjọ́ rẹ sì ń lọ.

Àbúrò mi ní kí a yọ chip náà ká máa lọ. "Bùrọ̀dá, ìlú wa ló rán wa. Ta ló rán wa sí àwọn wọ̀nyí?"

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. A jiyàn náà ní alẹ́, a jí jiyàn rẹ̀ lọ́nà kànga. Ó sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí àwọn àgbà agbo ilé wa ń jiyàn bóyá kí wọ́n fi àgádágodo ti kànga náà mọ́ àwọn tó ń ti ibòmíràn wá pọn omi. Àwọn kan ní ẹni tó gbẹ́ kànga ló ni ín. Àwọn kan ní omi kò ṣe é fi duni. Níkẹyìn wọ́n ń tì í ní alẹ́, wọ́n ń ṣí i ní àárọ̀, àlejò kan kò sì gbọdọ̀ pọn ju kẹ́ẹ̀gì méjì lọ. Kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn, ṣùgbọ́n kànga náà gbé gbogbo wa dé ìgbà tí òjò rọ̀. Àbúrò mi yọ chip tirẹ̀. Èmi bẹ̀rẹ̀ eré tèmi lọ́tọ̀, mo sì wọ inú kòtò ìdọ̀tí náà. Ó ń gbé ní Kánádà báyìí, ó sì gbà síbẹ̀ pé òun ló jàre.

Ìdí kejì tí n kò fi lè gbàgbé eré náà ni olórí àwọn ọ̀tá inú rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Master. Ó fẹ́ sọ gbogbo ọmọ ènìyàn di òmìrán aláwọ̀ ewé tí ìtànṣán kò lè pa, kí ìyàtọ̀ àti ogun lè dópin láyé. O lè fi ìbọn bá a jà. Ṣùgbọ́n bí o bá ti bá àwọn onímọ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́nà, ìwádìí kan yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́ tó fi hàn pé àwọn òmìrán náà kò lè bímọ. O gbé ẹ̀rí náà síwájú rẹ̀, o sọ̀rọ̀ fún un, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé òótọ́ ni, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iṣẹ́ náà àti ara rẹ̀ run. Kò sí ọta ìbọn kan tó dún. Ẹ fojú inú wo ohun tí èyí jẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn tó jókòó sílé nítorí ìyanṣẹ́lódì! Lẹ́yìn náà, mo lo ọdún mẹ́tàlá nínú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo sì gbé ẹ̀rí síwájú àwọn alágbára lóríṣiríṣi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣe bíi Master. Wọ́n ní kí n lọ rí agbẹjọ́rò àwọn.

Nígbà tí o bá ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán, o padà sílé. Alábòójútó pàdé rẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn irin náà. Ó yìn ọ́, ó ní ìwọ lo gba gbogbo àwọn là. Lẹ́yìn náà ó ní o kò lè wọlé mọ́. Ìta ti yí ọ padà, bí àwọn ọ̀dọ́ bá sì rí ọ, wọn yóò fẹ́ tẹ̀ lé ọ jáde, ìlú náà yóò sì tú. Akọni yíjú padà, ó sì ń dá lọ nínú aṣálẹ̀. Ìyá àgbà wà nídìí wa lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé ibẹ̀.

"Ṣé kò rí omi náà ni?"

"Ó rí i, mà. Ó ti gbé e dé."

"Wọ́n sì lé e?" Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó dìde, ó lọ sùn.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo kà nípa ìwé àdéhùn ọdún 1886 tó fi òpin sí ìjà Kírìjì, ogun tí wọ́n jà ní ìtòsí ìlú wa, láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìwé náà dárúkọ Ìrẹ̀sì pẹ̀lú Ọ̀tan, Àdá àti Ìgbájọ. Ó fi àwọn ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ sábẹ́ Ìbàdàn, ó sì fi àyè sílẹ̀ pé ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kó jáde. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ènìyàn kan ti dúró sí ẹnu ọ̀nà ìlú yìí rí, pẹ̀lú ẹrù lórí, tí wọ́n ń yàn láàárín ilé àti òmìnira, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà.

Eré àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lórí àtẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ kò wọ́n, kò sì sí kọ̀ǹpútà òde òní tí kò lè gbé e. Àwòrán rẹ̀ yóò jọ ti àtijọ́ lójú ẹni tó mọ ti ìsinsìnyí, ìrìn inú rẹ̀ sì falẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, kó má ṣe fi ọgbọ́n du akọni rẹ̀, kó sì kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ju ìbọn lọ. Bó bá dé Necropolis, inú kòtò ìdọ̀tí abẹ́ ìlú ni ohun èlò ẹ̀rọ ìfami náà wà. Kó kọ́kọ́ lọ wá a, kó tó fọwọ́ kan chip.